Oorun Ìbídùn ní Kíláàsì Òfin

Ọ̀jọ̀gbọ́n Adégòróyè, tó ń kọ́ wa ní òfin ìwà ọ̀daràn, ní Ìbídùn ń pirọrọ láti fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bí kò bá lè fi òfin gbèjà ara rẹ̀, kò ní wọ kíláàsì òun mọ́. Òjò ń rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lórí páànù. Ìbídùn nu itọ́ ẹnu, ó kúnlẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ jí mi, sà?” “Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jí ọ.” “Ẹni tó sùn là ń jí, sà, a kì í jí apirọrọ. Ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí mi. Ohun tí ara bá sì ṣe tí ọkàn ò mọ̀ sí, kì í ṣe ọ̀ràn.” “Ìyẹn gan-an ni mo kọ́ wọn nígbà tí o ń sùn. Níbo lo ti gbọ́ ọ?” “Lójú àlá, sà. Ẹ̀yin lẹ ń kọ́ wa lábẹ́ igi ọsàn, ẹ ò sì lé ẹnikẹ́ni jáde.”