Ọjọ́ tí Ọkọ́ Wúwo Mọ́ Ládùntán Lọ́wọ́

Àwọn àgbà máa ń wí pé, "Ìbẹ̀rù ló wúwo, ọkọ́ kò wúwo." Òwe náà ti mọ́ wa lẹ́nu tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń pa á, ǹjẹ́ ẹ mọ ilẹ̀ tó ti hù? Ẹ fara balẹ̀, nítorí ọ̀nà oko ni a máa gbà débẹ̀.

Ládùntán ará Arómisálẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ mẹ́rin ni Ṣubúọlá ìyàwó rẹ̀ bí fún un, Ṣadé ni àkọ́bí, ìkẹrin sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ìyá lọ. Nígbà tí nọ́ọ̀sì sọ pé oyún mìíràn lè gba ẹ̀mí obìnrin náà, Ládùntán lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kékeré fún un, wọ́n dí ọ̀nà tí àtọ̀ ń gbà. Ojú ọgbẹ́ jinná, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kó máa roko rẹ̀, kó sì máa ṣe ọkọ ìyàwó rẹ̀ bí ó ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Àfi bí ọ̀rọ̀ ṣe ta sí Tìámíyù, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń roko, létí, ẹnu Tìámíyù kò sì ní ìdérí.

Àáró ni wọ́n ń ṣe lásìkò náà. Gbogbo ẹgbẹ́ á para pọ̀ kọ ebè lóko ẹnì kan lónìí, lóko ẹlòmíràn lọ́la. Ẹni tí kò bá lè bá ẹgbẹ́ rìn, wọn a yọ ọ́. Oko Ládùntán ló kàn lọ́la. Bí wọ́n bá sì yọ ọ́, iṣu ọdún náà di àlá, nítorí òjò ti ń ṣú.

Oko Ọdẹ́kúnlé, olórí àáró, ni wọ́n wà lọ́jọ́ náà. Ládùntán ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni Tìámíyù mú ọ̀rọ̀ sẹ́nu.

"Ẹ rọra o, Bàbá Ṣadé. Òbúkọ tí wọ́n bá tẹ̀ lọ́dàá, abẹ́ ibòji ló ń gbé."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ládùntán náà rín. Ó gbé ọkọ́, ọkọ́ wúwo. Ó tún un gbé. Àfi bí ẹni gbé odó. Ó bi ara rẹ̀ pé, àbí agbára mi ti bá ọ̀bẹ dókítà lọ ni? Kó tó kọ ebè kan, àwọn yòókù ti kọ méjì.

"Ẹ jẹ́ ká wá ẹlòmíràn dípò rẹ̀," ni Tìámíyù wí.

Àsìkò yìí ni Ìyá Tèjú, ìyàwó Ọdẹ́kúnlé, gbé omi dé. Ó bèèrè ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, wọ́n sì sọ fún un.

"Ẹ ní ẹni tó bá ṣe é kò lè kọ ebè mọ́?"

"Okun á tán, Ìyá Tèjú."

"Tìámíyù, ọkọ mi, ta ni ẹ ti ń lé láti àárọ̀ tí ẹ kò bá? Baálé mi ti ṣe é láti èṣí. Ẹ bi í, òun nìyẹn."

Gbogbo ojú lọ sára Ọdẹ́kúnlé, ẹni tí ebè rẹ̀ ga bí òkìtì ọ̀gán. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Òótọ́ ni. Ẹnu yín ni mo sá fún. Ládùntán, má bínú sí mi. Lọ́jọ́ tí èmi náà kọ́kọ́ padà sóko, ọkọ́ wúwo mọ́ mi lọ́wọ́, mo ní mo ti tán. Ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn ni mo rí i pé ìbẹ̀rù ló wúwo, ọkọ́ kò wúwo."

Ládùntán tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé ọkọ́. Ó fúyẹ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, òun àti Ọdẹ́kúnlé ti jọ ń figagbága níwájú, tí Tìámíyù ń mí hẹlẹ lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n ń jẹun, Tìámíyù rọra sún mọ́ Ládùntán.

"Bàbá Ṣadé, iṣẹ́ abẹ yẹn, ṣé ó dùn yín púpọ̀?"

"Kò dùn mí tó ẹnu rẹ."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni wọ́n rín dé oko Ládùntán lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì kọ ebè ibẹ̀ tán.

Nítorí náà, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, tó ń fà sẹ́yìn nítorí ohun tí ayé máa wí, tàbí tó ti gba àbùkù gbọ́ nípa ara rẹ̀ kó tó dán ara rẹ̀ wò, ohun tí wọ́n máa ń wí fún un ni pé, "Ìbẹ̀rù ló wúwo, ọkọ́ kò wúwo."