Ìdí Tí Èèrà Fi Ń Kí Gbogbo Èèrà Tó Bá Pàdé

Nígbà láéláé, nígbà tí ohùn ṣì wà lẹ́nu èèrà, kò sí ẹ̀dá tó láriwo tó wọn nínú igbó. Ẹ má wo bí wọ́n ṣe ń rìn jẹ́jẹ́ lára ògiri yín lónìí. Wọ́n ń pe ara wọn lórúkọ, wọ́n ń ki ara wọn ní oríkì, wọ́n sì ń dúpẹ́ títí etí ẹni tí wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ á fi kún.

Ọpẹ́ yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ẹ mọ̀ pé bí ẹnìkan bá ṣe wá lóore lónìí, a máa ń jí lọ bá a lọ́la pé, "Ẹ ṣeun àná o." Èèrà náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé tó bá rí èso tó já bọ́ á pín nínú rẹ̀ fún ilé tí kò rí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn tó gbà á á tò lọ́wọ̀ọ́wọ̀ọ́, wọ́n á lọ sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó fún wọn, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́.

Akika ló ba nǹkan jẹ́. Ìpẹ́ bo akika bí ẹja, ahọ́n rẹ̀ gùn, èèrà sì ni oúnjẹ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, kò sì mọ ibi tí ilé àwọn èèrà wà. Ó kàn máa ń gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri ni, títí á fi rẹ̀ ẹ́, tí á sì fi ebi sùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó sídìí igi, ó gbọ́ ariwo àwọn tó ń lọ dúpẹ́. Inú rẹ̀ dùn.

"Ṣé ọpẹ́ lẹ ń lọ dú?" ló wí lábẹ́ ahọ́n. "Ẹ máa dú u lọ, mò ń bọ̀ lẹ́yìn yín."

Ilé tó tẹ̀ lé wọn dé lọ́jọ́ náà ni ilé Wúràọlá àti àbúrò rẹ̀, Àṣàkẹ́. Akika hú ilé náà tìdítìdí. Ìyá wọn kú sínú rẹ̀, àwọn ọmọ Wúràọlá náà kú, àyàfi ọ̀kan ṣoṣo tí Wúràọlá gbé sẹ́nu sá lọ. Dúródọlá ni orúkọ ọmọ náà. Nígbà tí Wúràọlá dúró, tó wẹ̀yìn, kò rí Àṣàkẹ́. Ó pè é títí ohùn rẹ̀ fi ha. Kò gbọ́ nǹkan kan, ó sì gbà pé àbúrò òun ti bá ìyá àwọn lọ.

Bí akika ṣe ń tẹ̀ lé ọpẹ́ kiri nìyẹn. Ilé kan lónìí, ilé mìíràn lọ́la. Nígbà tó pọ̀ jù, àwọn tó ṣẹ́kù kó ara wọn jọ sọ́dọ̀ Bọ́látitó, ìyá àgbà kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán lọ́wọ́ akika.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ o. Láti òní lọ, kí ẹnikẹ́ni má mọ ilé ẹnikẹ́ni mọ́. Kí a má pe orúkọ ara wa níta. Bí o bá ní nǹkan, gé e wẹ́wẹ́, kí o fi í sẹ́nu ẹni àkọ́kọ́ tó o bá pàdé lójú ọ̀nà. Kí òun náà fi sẹ́nu ẹlòmíràn. Kó máa lọ bẹ́ẹ̀ títí á fi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wá a. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ló fún ọ, ọ̀nà ni kó o ní ó fún ọ. Bí akika bá mú ọ, kò ní sí ohun tó o mọ̀ tó o lè sọ fún un."

Èèrà kan dìde. "Ìyá, bí a bá wá fẹ́ dúpẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ má dúpẹ́."

Ariwo sọ. "Kí ẹnìkan fún mi ní nǹkan, kí n gbé e mì bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́? Ṣé ẹ fẹ́ sọ wá di abara-móore-jẹ ni?"

"Ó dùn mí ju bó ṣe dùn yín lọ," ni Bọ́látitó wí. "Ṣùgbọ́n ọpẹ́ yín ni akika fi ń rí wa."

Ni wọ́n bá gbà.

Ètò yẹn ṣiṣẹ́, mi ò ní purọ́. Akika mú èèrà kan, ó ní, "Ta ló fún ọ ní ohun tó wà lẹ́nu rẹ?" Èèrà ní, "Ọ̀nà ni." Ó jẹ ẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé kankan kò bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa akika, ìpẹ́ ara rẹ̀ sì ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ayé wá dẹrùn fún àwọn èèrà. Nǹkan tó ń dé láàárín òwúrọ̀ kan tẹ́lẹ̀ á wá pẹ́ lọ́nà títí á fi gbẹ. Àwọn ọ̀lẹ kan wà tó jẹ́ pé gbígbà ni wọ́n mọ̀, wọn kì í fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á jẹ tiwọn, wọ́n á jẹ ti onínǹkan, ta ló máa mú wọn? Lọ́jọ́ kan ẹnìkan fi èso olóró sójú ọ̀nà, inú ń run àwọn ọmọdé, àwọn kan kú. Wọ́n wá ẹni tó ṣe é títí, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n bá sọ ọ́ dòfin pé ẹni tó bá gba nǹkan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kó tó fi fún ẹlòmíràn.

Wọ́n lọ fẹjọ́ sun Bọ́látitó. Ó mi orí.

"Bí a bá fẹ́ kó yá, àfi ká mọ ara wa. Bí a bá sì mọ ara wa, akika náà á mọ̀ wá. Ẹ sọ èyí tẹ́ ẹ fẹ́ fún mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Mi ò ní òmíràn tí mo lè fún yín."

Kò pẹ́ sí i ni Dúródọlá dùbúlẹ̀ àìsàn. Ara rẹ̀ tutù, kò lè jẹun, oyin nìkan ló sì lè gbà á. Wúràọlá jáde sójú ọ̀nà, ó sọ fún ẹni tó kọ́kọ́ pàdé pé, "Oyin ni mò ń wá o. Ara ọmọ kan ò yá." Ọ̀rọ̀ náà ń ti ẹnu dé ẹnu, ó ń lọ.

Ó dúró, ó dúró, ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́nà. Ó ń fọwọ́ kan ọmọ náà léraléra láti mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Bóyá àwọn kan ti lá oyin náà lọ́nà, mi ò mọ̀. Nígbà tó yá ṣá, ẹ̀kán oyin kan dé, tí wọ́n fi ewé òdòdó wé. Ọmọ náà lá a, ó sì la ojú.

"Màmá mi," ló wí.

Wúràọlá sunkún ayọ̀. Nígbà tí oyin kejì dé, tó ń tú u, ó wo ewé náà. Ẹ̀yìn ewé ni wọ́n yí sínú, tí wọ́n sì ká etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo igbó, ìyá wọn nìkan ló ń wé nǹkan báyẹn. Ìyá yẹn máa ń sọ pé ẹ̀yìn ewé rí págunpàgun, oyin kò ní yọ̀ lára rẹ̀. Ọmọ méjì péré ló sì kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń wé e, Wúràọlá àti Àṣàkẹ́.

Àṣàkẹ́ wà láàyè!

Ó sáré lọ bá Bọ́látitó. "Ìyá, àbúrò mi ni! Ẹ jẹ́ kí n lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Bó bá wà láàyè, àìmọ̀ tá ò mọ ilé rẹ̀ ló jẹ́ kó wà láàyè," ni ìyá àgbà wí. "Wé ewé kan bí ìyá yín ṣe ń wé e, kó o fi í lé ọ̀nà lọ́wọ́. Bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á mọ̀ pé ìwọ ni."

"Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ lọ́nà ńkọ́?"

"Wé òmíràn."

Wúràọlá ní òun ti gbọ́. Ó sì wé ewé náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tó dé ojú ọ̀nà, kò lè fi lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Èmi ò lè bá a wí. Bí ẹ bá ní àbúrò kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ti sunkún òkú rẹ̀, ẹ̀yin náà ò ní lè dúró. Ó gbé ẹsẹ̀, ó ń lọ.

"Ta ló fún ọ ní oyin àná?" ló bi ẹni tó gbé oyin náà fún un.

"Ọ̀nà ni."

"Ẹ jọ̀ọ́. Àbúrò mi ni. Mo rò pé ó ti kú."

Ẹni yẹn wo ojú rẹ̀, ó wo ilẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka. Ẹnì kejì náà ṣe bẹ́ẹ̀. Àánú ló ṣe gbogbo wọn, títí Wúràọlá fi dé ìdí igi àràbà kan. Ibẹ̀ ló ti la ẹnu rẹ̀.

"Àṣàkẹ́! Àṣàkẹ́ ọmọ ìyá mi! Mo wá dúpẹ́ àná o!"

Ohùn kan dáhùn lábẹ́ ilẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra, ẹ má pariwo!"

Wúràọlá wọlé lọ, wọ́n dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé o mọ̀ pé ọmọ mi ló ń ṣàìsàn?" ni Wúràọlá bi í.

"Mi ò mọ̀. Wọ́n ní ara ọmọ kan ò yá, ni mo bá fi ránṣẹ́. Ọmọ yín wà láàyè, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Dúródọlá wà láàyè."

Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni òrùlé ilé là. Èékánná akika wọlé, ìmọ́lẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Etí akika kò dà bí ojú rẹ̀, ó gbọ́ràn dáadáa.

Àṣàkẹ́ bu gbogbo oyin tó kù, ó kó o sẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì tì í sí ihò ẹ̀yìn.

"Ẹ máa gbé e lọ fún ọmọ. Ẹ má pè mí. Ẹ má dúpẹ́."

Wúràọlá sáré. Lẹ́yìn rẹ̀ ó ń gbọ́ bí ilé àbúrò rẹ̀ ṣe ń wó. Gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ pe Àṣàkẹ́, ṣùgbọ́n oyin kún ẹnu rẹ̀. Bó bá la ẹnu, oyin á dànù, ọmọ á kú. Ó pa ẹnu náà mọ́ títí ó fi délé.

Dúródọlá mu oyin náà, ó sì yè. Ṣùgbọ́n ẹnu ìyá rẹ̀ kò là mọ́. Bọ́látitó jókòó tì í, kò bá a wí rárá, ó kàn ń sunkún pẹ̀lú rẹ̀ ni.

Nígbà tí Wúràọlá tún lè rìn, ó jáde sójú ọ̀nà. Èèrà àkọ́kọ́ tó pàdé, ó dá a dúró, ó fi ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà níwájú orí rẹ̀ kan orí onítọ̀hún jẹ́jẹ́. Ó kọjá sí ẹlòmíràn, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kò fo ẹnì kankan. Àwọn èèrà wò ó, ó yé wọn. Ọpẹ́ ló ń dú. Kò mọ gbogbo àwọn tó gbé oyin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí náà ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi tirẹ̀, wọ́n pa ẹnu mọ́, wọ́n ń forí kan orí. Akika tún wá jókòó sídìí igi. Ó tẹ́tí sílẹ̀, kò gbọ́ ohùn kankan. Ó fojú súnmọ́ ilẹ̀ wò, ó rí i pé gbogbo wọn ló ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn, kò sì mọ èyí tí òun máa tẹ̀ lé. Ó ń fi ojú tí kò ríran gbẹ́ ilẹ̀ káàkiri títí di òní.

Láti ọjọ́ náà ni èèrà kò ti ní ohùn mọ́. Láti ọjọ́ náà ni èèrà méjì kì í pàdé lójú ọ̀nà kí wọ́n má dúró, kí wọ́n má forí kan orí. Bí ẹ bá rí wọn lára ògiri, ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi ìka là wọ́n láàárín. "Ẹ ṣeun àná" ni wọ́n ń sọ, fún ẹni tó lè máà jẹ́ òun ló fún wọn. Wúràọlá náà kí gbogbo èèrà inú igbó yẹn tán kó tó kú, àyàfi ẹyọ ẹnì kan tó ń wá.