Akínlàbí àti Koóko Ẹ̀yìnkùlé

"Ara ń ta sánsán, ilé ń bá àgbàrá lọ." Ọ̀pọ̀ wa ló ti gbọ́ òwe yìí, a sì ti fi ṣe ẹlòmíràn yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ara ta ni ó ta sánsán? Ilé ta sì ni ó bá àgbàrá lọ? Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ fara balẹ̀. Akínlàbí ni ọkùnrin náà ń jẹ́, ará Òkè-Ìṣàn ni.

Ẹja gbígbẹ ni Akínlàbí ń tà. Gbogbo ìlú ló ń ra ẹja náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ jókòó ti ẹni tó ń tà á. Bó bá dé ìpàdé àdúgbò, odindi bẹ́ǹṣì kan á di tirẹ̀ nìkan. Bó bá ń bọ̀ wá kí àna rẹ̀, àna á ti ké láti òkèèrè pé, "Ibẹ̀ náà ti tó, mo ti rí ọ." Akínlàbí á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bó bá délé, á máa fi kànìnkànìn ha ara rẹ̀ bí ẹni ń ha iṣu sísun.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ilé rẹ̀ wà. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kọ́ ilé náà, ìyá rẹ̀, Abẹ́níyì, gbin koóko kan ní ìlà-ìlà sí ẹ̀yìnkùlé. Koóko náà ga ju èèyàn lọ, kò sì lẹ́wà lójú. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ wọlẹ̀ lọ jìnnà, òun ló sì ń di ilẹ̀ mú bí òjò bá ń rọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Akínlàbí ń gbẹ́ ibi tí yóò ri òpó sí, ọkọ́ rẹ̀ bá fa gbòǹgbò koóko náà yọ. Òórùn tó jáde dùn débi pé ó wẹ̀yìn wò bóyá obìnrin kan ló ń kọjá. Ó fọ gbòǹgbò náà, ó sá a gbẹ, ó kó o sínú àpótí aṣọ rẹ̀. Nígbà tó wọ aṣọ náà lọ sí ìpàdé, ẹnì kan sún mọ́ ọn. Ẹlòmíràn tún sún mọ́ ọn. Kí wọ́n tó túká, bẹ́ǹṣì ti kún. Inú Akínlàbí dùn débi pé omi lé sí i lójú.

Ibẹ̀ ló yẹ kó dúró sí. Kò dúró. Ó hú sí i, ó ń rẹ ẹ́ sínú omi ìwẹ̀. Ó fi hun ẹní, ó fi hun abẹ̀bẹ̀. Ó fi hun ìbòjú fèrèsé, ó ń wọ́n omi sí i kí atẹ́gùn tó bá gba ibẹ̀ wọlé lè ta sánsán. Ẹja pàápàá, ó ń fi wé e, títí àwọn oníbàárà fi ń bèèrè bóyá ẹja ni àwọn rà àbí ọṣẹ.

"Akínlàbí," ni ìyá rẹ̀ wí, "ìlà kan ṣoṣo ló kù lẹ́yìn ilé."

"Ìyá mi, koóko kì í tán láyé."

"Mi ò sọ pé ó ń tán láyé. Ẹ̀yìn ilé wa ló ti ń tán. Òjò sì ti ń ṣú."

"Ẹ má bínú. Baálẹ̀ ń bọ̀ wá sílé mi lọ́la. Baálẹ̀ tó máa ń fi etí agbádá bo imú bó bá rí mi! Ṣé inú òórùn ẹja lẹ fẹ́ kó wá bá mi ni?"

Abẹ́níyì di ẹrù, ó kó ìyàwó ọmọ rẹ̀ àtàwọn ọmọ, ó ní kí àwọn lọ kí ẹbí lókè ìlú. Akínlàbí hú ìlà tó kù.

Baálẹ̀ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ó jókòó sórí ẹní, ó gba abẹ̀bẹ̀, ó fa imú. "Akínlàbí," ó ní, "ṣé ìwọ náà lò ń gbé ibí yìí?" Ọ̀rọ̀ náà dé Akínlàbí lórí bí adé.

Ni òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò pẹ́ tó fi ń rọ̀ bí ẹni ń da omi ìkòkò nù. Omi òkè já wọ ẹ̀yìnkùlé, kò bá ohun tó lè dá a dúró. Ilẹ̀ là gbàà. Ilé ìdáná kọ́kọ́ yọ́ lọ, yàrá ẹja tẹ̀ lé e. Baálẹ̀ kò rántí mọ́ pé òun sanra. Ojú fèrèsé ló gbà jáde, ìbòjú gbòǹgbò sì kọ́ ọ lọ́rùn bí irùngbọ̀n.

"Baba, ẹ má lọ!" ni Akínlàbí ń pariwo. "Òjò lásán ni, yóò dá!"

Bó ti ń wí bẹ́ẹ̀ ni ògiri wó lẹ́yìn rẹ̀.

Nígbà tí òjò dá, Akínlàbí dúró nínú ẹrọ̀fọ̀, abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Ibi tí ilé bàbá rẹ̀ wà ti di kòtò. Omi òjò sì ti mú kí òórùn dídùn ara rẹ̀ le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Aládùúgbò rẹ̀ kan, Adúfẹ́, tó ń bá a yọ ìkòkò nínú amọ̀, fa imú, ó wò ó, ó wo kòtò. "Háà!" ó ní. "Ara ń ta sánsán, ilé ń bá àgbàrá lọ!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ara wọn mú. Wọ́n yí Akínlàbí ká tímọ́tímọ́, kò sí ẹni tó bomú. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù.

Ìyá rẹ̀ kò bá a jà. Èèhù koóko tó ṣẹ́kù sí etí kòtò ló fà lé e lọ́wọ́. "Gbìn ín," ó ní. "Ó dìgbà tó bá di ilẹ̀ mú ká tó sọ̀rọ̀ ilé." Ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ ni Akínlàbí ń gbé títí koóko náà fi mú ilẹ̀ dáadáa, àna kò sì jẹ́ kó gbàgbé ohun tó gbé ilé rẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí àwọn àgbà bá rí ẹni tó ta ilẹ̀ baba rẹ̀ nítorí aṣọ tí yóò wọ̀ jáde, tàbí ẹni tó ń wá ìyìn níta nígbà tí òpó ilé rẹ̀ ń yẹ̀, wọn kì í bá a jiyàn. Wọ́n á kàn fa imú lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á ní: "Ara ń ta sánsán, ilé ń bá àgbàrá lọ."