Ẹ̀kọ Tó Ta Sí Awó Lára

Nígbà láéláé, Awó funfun. Mi ò sọ pé ó funfun díẹ̀ o. Ó funfun báláú ni, láti ọrùn dé ìrù, bí òwú tó là lóko. Awó tí ẹ mọ̀ lónìí yìí náà ni mò ń wí.

Funfun yẹn dùn ún wò, àmọ́ ìyà ló fi jẹ ẹ́. Ilẹ̀ ni Awó ń yé sí, láàárín koríko. Bí Àwòdì bá ti ń rà bàbà lókè, ohun funfun kan ṣoṣo tó ń rí nínú pápá, Awó ni. Á já wálẹ̀, á kó ọmọ lọ. Lọ́dún kan, kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù fún un. Kò tilẹ̀ tijú. Ó bà sórí igi, ó nu ẹnu, ó ní, "Ìyá ọlọ́mọ, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Tí ẹ bá tún sàba, mo ń bọ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Awó lára. Nígbà tó tún sàba, oorun ò kùn ún mọ́. Ló bá bẹ Àparò ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó bá òun jókòó lórí ẹyin, ó gba ilé Agbe lọ. Agbe ni aláró gbogbo ẹyẹ.

"Ìyá Aláró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ mí láró," ni Awó wí lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí n dúdú kíkì. Mi ò fẹ́ kí Àwòdì rí mi mọ́."

Agbe wò ó tìtì. "Ìwọ tó ń yan kiri pé kò sẹ́ni tó mọ́ tó ọ?"

"Ẹ fi mí ṣẹ̀sín tán, kí ẹ ṣáà rẹ mí."

Agbe rẹ́rìn-ín. "Jókòó sínú oòrùn níbẹ̀ yẹn. Jẹ́ kí n ya aṣọ ọwọ́ mi tán."

Ẹ̀kọ láfún ló fi ń ya aṣọ náà. Ó sè é ki, ó bù ú sínú igbá, ó ń fi ìyẹ́ tọ́ ọ sára aṣọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá gbẹ sí, aró ò ní wọ ibẹ̀. Funfun ni yóò dúró. Ẹni tó bá ti ya àdìrẹ rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Awó ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí ewé bá mì, á ta gìrì. Nígbà tó yá, òjìji kan gba ilẹ̀ kọjá. Awó fò sókè, ó ta igbá nípàá, ẹ̀kọ sì ta sí i lára wẹ́wẹ́, níwá lẹ́yìn. Ẹyẹlé lásán ló ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀.

Agbe mí kanlẹ̀. "Lọ sódò. Fọ̀ ọ́ kúrò pátápátá kí o tó sún mọ́ ìkòkò mi. Bí o bá gbé ẹ̀kọ wọ inú aró, o ò ní dúdú tán."

Odò jìn. Awó ṣì ń wá bí yóò ṣe bẹ̀bẹ̀, oòrùn sì ń gbẹ ẹ̀kọ mọ́ ọn lára, ni Àparò sáré wọlé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Awó, àwọn ọmọ ẹ ti jáde. Wọ́n ń sá kiri nínú pápá, wọn ò gbọ́ tèmi. Ìwọ ni wọ́n ń ké pè. Àwòdì sì ti bà sórí àràbà."

Awó dìde. Bó bá lọ bó ṣe funfun yìí, òun gan-an ni yóò júwe àwọn ọmọ rẹ̀ fún Àwòdì. Bí kò bá lọ, wọn á máa ké títí tí Àwòdì á fi rí wọn. Odò ńkọ́? Ta ló fẹ́ dé odò?

"Ìyá Aláró, ẹ forí jì mí," ló wí, ó sì bọ́ sínú ìkòkò, tòun tẹ̀kọ. Agbe ń pariwo ẹ̀kọ, ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n Awó ti jáde, ó ti ń sáré lọ.

Nígbà tó dé pápá, kò fò. Ó ń rá pálá nínú koríko, aró ń kán lára rẹ̀. Ó rọra pe àwọn ọmọ. Wọ́n wò ó, wọ́n fà sẹ́yìn. Ta ni wọ́n fẹ́ mọ ẹyẹ dúdú yìí sí? Ó tún pè wọ́n. Ọ̀kan gbọ́ pé ohùn tí òun ń gbọ́ látinú ẹyin nìyẹn, ó sáré wá, ìyókù tẹ̀lé e. Awó tẹ́ ìyẹ́ bò wọ́n.

Bó ṣe wo ara rẹ̀ báyìí, ọkàn rẹ̀ já. Koríko ti ha ẹ̀kọ kúrò. Gbogbo ibi tí ẹ̀kọ ti gbẹ sí ló funfun tótòtó.

Àwòdì sì ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ń fẹsẹ̀ rìn nínú koríko, ó ń yọrùn.

"Ìyá ọlọ́mọ, mo gbóhùn yín. Aṣọ funfun yín dà?"

Awó ò mí. Ọmọ kan fẹ́ yọrí jáde. Ó rọra fi àyà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ Àwòdì dúró síwájú rẹ̀ gan-an, Awó sì ń wo èékánná Àwòdì. Àwòdì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó lójú kojú. Ilẹ̀ dúdú ló rí, àti oòrùn tó ń kán gba àárín koríko wọlẹ̀. Ó pòṣé, ó gbéra, ó fò lọ.

Nígbà tí ara rọlẹ̀ tán, Agbe fúnra rẹ̀ wá. "Awó, ojú ń tì mí. Dúdú kíkì lo bẹ̀ mí fún. Wá, jẹ́ kí n tún un rẹ."

Awó gbé ìyẹ́ sókè, àwọn ọmọ sì tú jáde. "Ìyá Aláró, ó dúró síbi tí ẹ dúró sí yìí, ó wò mí, ó rò pé oòrùn ni. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan lára mi."

Láti ọjọ́ náà ni ara awó ti dúdú, tí funfun tótòtó sì kún un láti ọrùn dé ìrù. Bí ẹ bá ń gba inú pápá kọjá lọ́sàn-án, ó lè wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín, tòun tọmọ, kí ẹ má rí i.