Akèrègbè Àwẹ̀ró àti Òpìpí Adìyẹ

Ní abúlé Ìdí-Emi, bàbá àgbàlagbà kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́lẹ́yẹ, tí kì í gba nǹkan gbọ́ bọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá kí i pé ẹ káàárọ̀, yóò kọ́kọ́ wojú ọ̀run kó tó dáhùn. Òfin kan wà nílé rẹ̀ tí ó bá lọ́wọ́ bàbá tó bí i: oúnjẹ oníhóró tó bá ti ìta wá kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò àfi tí adìyẹ bá kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀ tí kò kú. Àwọn ará abúlé a máa fi òfin náà ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun gbọ́ rí pé oúnjẹ ṣe ẹnikẹ́ni níbi nílé Ọdẹ́lẹ́yẹ.

Lásìkò tí à ń wí yìí, nǹkan kò rọgbọ. Àgbàdo funfun tí wọ́n ń gbìn ní Ìdí-Emi láti ìran dé ìran kò ṣe dáadáa mọ́. Òjò a bẹ̀rẹ̀ dáadáa, a sì dáwọ́ dúró gan-an nígbà tí àgbàdo bá fẹ́ yọmọ. Ìgbà tí yóò bá fi padà dé, ọmọ àgbàdo a ti ní àlàfo káàkiri bí ẹnu arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká. Kí iṣu tuntun tó jáde, ebi a ti pa tọmọdé-tàgbà. Lọ́dún tó ṣáájú, omi ògì lásán ni Ìbídùn, ọmọ-ọmọ Ọdẹ́lẹ́yẹ, fi la àsìkò ebi náà kọjá, títí irun orí ọmọ náà fi pọ́n. Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn tó ìyá ọmọ náà, Àwẹ̀ró, tí í ṣe ìyàwó Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Ọdẹ́lẹ́yẹ.

Òkè-Ata ni wọ́n ti fẹ́ Àwẹ̀ró wá. Nígbà tó lọ kí àwọn òbí rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, akèrègbè irúgbìn kan ló rù bọ̀. Àgbàdo inú rẹ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin. Ó kúnlẹ̀ níwájú baba ọkọ rẹ̀, ó sì ṣàlàyé bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́dọ̀ tiwọn. Kí ẹnikẹ́ni tó kórè, àwọn obìnrin a wọ oko, wọn a so okùn mọ́ ìdí àgbàdo tó bá tètè yọmọ tí ọ̀dá kò sì rí gbé ṣe. Èyí tí wọ́n so okùn mọ́ nìkan ni irúgbìn, bó ti wù kí ebi pa wọ́n tó. Nígbà tí ọdún ń gorí ọdún, àgbàdo wọn wá di èyí tí ń gbó kí òjò tó dáwọ́ dúró, ògì rẹ̀ sì ń gba ẹ̀mí àwọn ọmọ wọn là.

Ọdẹ́lẹ́yẹ gbọ́, ó mú hóró kan, ó ń yí i wò. Ní Ìdí-Emi, èyí tó bá kọ́kọ́ gbó ni wọ́n ń kọ́kọ́ yan jẹ, èyí tí wọn kò rí jẹ tán ni wọ́n ń gbìn. Síbẹ̀, kì í ṣe ìyẹn ló ń rò. Ohun tó ń rò ni ìjà ààlà oko tí Òkè-Ata bá Ìdí-Emi jà nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́. Àgbàdo tó ń sáré gbó, kí ló ń lé e?

Ó bi í léèrè pé, "Ìyàwó, kí ló dé tí àwọn ènìyàn rẹ fi nǹkan tó dára tó báyìí tọrẹ?"

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá, ọmọ wọn ni mí."

"Ìyẹn gan-an ni mo ń rò."

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú akèrègbè, ó dà á sílẹ̀ fún òpìpí adìyẹ rẹ̀, èyí tí ìyẹ́ kò bo apá rẹ̀. Adìyẹ ṣa á jẹ tán, ó nu ẹnu mọ́lẹ̀. Kò kú. Ẹlòmíràn ì bá sọ pé ó parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n Ọdẹ́lẹ́yẹ rò ó pé adìyẹ tí kò kú lónìí lè kú lọ́la, pé májèlé àwọn ará Òkè-Ata lè jẹ́ èyí tí ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó tún bu òmíràn. Bí adìyẹ ṣe ń sanra sí i ni ìfura rẹ̀ ń pọ̀ sí i, nítorí ó ní kí ikú tó pa ẹran, ó lè kọ́kọ́ bọ́ ọ.

Àwẹ̀ró wá rí i pé akèrègbè òun ti fúyẹ́. Ó bi baba ọkọ rẹ̀ bóyá ó rí ẹni tó ń ṣí i, bàbá ní eku ni. Ó gbé e kọ́ òkè àjà níbi tí èéfín wà, síbẹ̀ ó ń dín. Ó dẹ tàkúté, tàkúté kò mú nǹkan kan. Ni òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Bí ìyá ọkọ rẹ̀ bá rẹ́rìn-ín, ó ń wò ó. Bí aládùúgbò bá yà wọ́n, ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ọkọ rẹ̀ pàápàá kò bọ́ níbẹ̀. Ilé náà wá di ilé tí kálukú ti ń fi ìdí ojú wo ẹnì kejì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró fọ́n àgbàdo funfun sílẹ̀ fún àwọn adìyẹ. Gbogbo wọn dà bò ó àfi òpìpí. Òpìpí wò ó, ó kọ̀ ọ́, ó yí padà, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá Ọdẹ́lẹ́yẹ bí ẹni tí wọ́n ti bá ṣe àdéhùn. Àwẹ̀ró tẹ̀ lé e. Hóró pupa kan há sábẹ́ ìlẹ̀kùn níbẹ̀.

Inú bí i gidigidi, ṣùgbọ́n a kì í pe baba ọkọ ẹni lólè. Ó wá ìgò ọtí òyìnbó kan, ó ń ju irúgbìn tó ṣẹ́kù sínú rẹ̀ hóró kọ̀ọ̀kan, ó sì fi kùùkù àgbàdo dí i lẹ́nu. Kò tilẹ̀ dé ìdajì ìgò. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí gbogbo ilé yóò ti máa rí i. Ó ní eku tó bá lè jẹ èyí, kó jẹ ẹ́.

Òjò dé, Àwẹ̀ró gbin ti inú ìgò sí ẹ̀yìnkùlé, ibi tó gbìn náà kò ju àgbàlá adìyẹ lọ. Àgbàdo funfun ló kún gbogbo oko yòókù. Òjò tún dáwọ́ dúró bí ìṣe rẹ̀, ti oko gbẹ mọ́ ìdúró. Ti ẹ̀yìnkùlé ti gbó nígbà náà, ó yọmọ gbọ̀ngbọ̀n-gbọ̀ngbọ̀n. Àwẹ̀ró ká a, ó rọ́ ọ sínú ìgò, ó dí gbogbo wọn, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ebi dé. Ọdẹ́lẹ́yẹ rán ìyàwó rẹ̀ sí Àwẹ̀ró pé kó ṣí ìgò kan kí wọ́n fi pa ògì. Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló wá kúnlẹ̀ dáhùn, Ìbídùn sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fúyẹ́ bí abẹ́bẹ̀.

Ó ní, "Bàbá, ká ní akèrègbè yẹn pé ni, à bá gbìn, à bá jẹ, à bá tún fi pamọ́. Èyí tí eku jẹ kù ni mo gbìn. Bí a bá jẹ èyí, kí la ó gbìn lọ́dún tó ń bọ̀? Ẹ wo ọmọ yín lẹ́yìn mi. Òun náà kò ní jẹ níbẹ̀."

Ọdẹ́lẹ́yẹ wo ọmọ náà. Ojú tì í, ojú tì í gidigidi, ó sì bojú wolẹ̀.

Nígbà tó ṣe, ó lọ jókòó ti àwọn ìgò náà. Òpìpí dé. Ó rí àgbàdo pupa, ó sáré sí i, ó fi ẹnu sọ ìgò, kó, kó, kó. Ó yí sápá kejì, ó tún sọ ọ́. Ó wá dúró, ó dojú kọ ìgò, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó.

Ìyá Ọdẹ́gbàmí bú sẹ́rìn-ín níbi ààrò. Ó ní, "Baba Ọdẹ́gbàmí, nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló ń wò ó jù?"

Ọdẹ́lẹ́yẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé adìyẹ náà lé itan, ó sì sọ̀rọ̀ sókè kí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lè gbọ́. "Kò sí eku nílé yìí. Ìwọ lo jẹ ẹ́, èmi ni mo bu ú fún ọ. Dúró tì mí ká jọ máa wò ó."

Àwẹ̀ró gbọ́ nínú ilé, ó sì jókòó, ó sunkún. Nígbà tí òjò ọdún kejì rọ̀, Ọdẹ́lẹ́yẹ ni Àwẹ̀ró gbé ìgò àkọ́kọ́ fún pé kó ṣí i. Òun ló gbìn ín, òun náà ló so okùn mọ́ èyí tó kọ́kọ́ yọmọ. Ìbídùn mu ògì pupa yó lọ́dún náà, kò sì sẹ́ni tó kọ́kọ́ fi lọ adìyẹ.

Láti ibi ìgò Àwẹ̀ró yìí ni àwọn àgbà ti mú un, tí wọ́n fi ń pa á lówe títí dòní pé: àgbàdo inú ìgò, àwòmọ́jú ni fún adìyẹ.