Ohun Tó Dún Nínú Kọ̀ǹpútà Bàbá Akínlàdé

Owú kì í jẹ́ kí etí gbọ́ ohun tí ojú kò rí. Tọmọdé tàgbà ló mọ òwe yìí lẹ́nu ní Ìkirè, ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀? Ẹlòmíràn á rò pé àwọn orogún ló dá a sílẹ̀ nídìí ààrò. Rárá o. Ìdí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti bí i.

Ọkùnrin kan wà ní òpópónà ilé ìfìwéránṣẹ́, Ọlábọ̀dé lorúkọ rẹ̀. Ogún ọdún ló fi ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tí ẹnikẹ́ni kò bá a du iṣẹ́ náà ní òpópónà yẹn, àfìgbà tí Mọ́rẹ́nikẹ́ ti Ìlọrin dé, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí iwájú tirẹ̀ gan-an. Ọmọbìnrin yìí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ètò ọ̀fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Línúsì ló mú dé. Bó bá fi í sínú kọ̀ǹpútà ògbólógbòó tí àwọn ènìyàn ti pa tì, kọ̀ǹpútà náà á dìde, á sì máa sáré.

Mọ́rẹ́nikẹ́ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ẹnu ọ̀nà sì ni àwọn oníbàárà ń bọ́ bàtà sí. Ọlábọ̀dé á jókòó sí òdìkejì, á máa ka bàtà. Bó bá rí bàtà ẹni mẹ́fà, á mí kanlẹ̀. Bó bá rí ti ẹni mẹ́wàá, oúnjẹ ọ̀sán kò ní í lọ lọ́fun rẹ̀. Lọ́jọ́ tó rí bàtà alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀, ṣe ló ti ilẹ̀kùn, tó lọ sílé.

Ó wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Akínlàdé, akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, wọlé tọ̀ ọ́ wá. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ló gbé dání, gèlè ìyàwó rẹ̀ tó di olóògbé ló sì fi dì í.

"Ọlábọ̀dé, o kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní ọmọ iwájú yìí lọ sí Òṣogbo. Ìjẹta ló fi Línúsì sí i fún mi, ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo pa á lánàá, mo tan án láàárọ̀ yìí, ojú rẹ̀ ṣú. Ohùn ìyá àwọn ọmọ wà nínú rẹ̀."

Kí obìnrin náà tó kú ló ti jókòó ti kọ̀ǹpútà yìí, tó ki oríkì ọmọ-ọmọ wọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá, lọ́kọ̀ọ̀kan, sínú rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn nínú ẹbí tó mọ̀ wọ́n kì.

Ọwọ́ méjèèjì ni Ọlábọ̀dé fi gba kọ̀ǹpútà náà. Inú rẹ̀ dùn. Ó tẹ bọ́tìnì, àmì Línúsì yọ, ojú rẹ̀ sì dúdú kirikiri. Nígbà tó ṣe díẹ̀, nǹkan kan dún jẹ́jẹ́ láti inú rẹ̀ bí agogo kékeré.

"O gbọ́ yẹn? Ó dún."

"Kí ló dún, Bàbá?"

"Bó ṣe máa ń dún nìyẹn bó bá ti wọlé tán."

"Bàbá, ẹni tó ń kú lọ náà a máa mí. Ọmọ iwájú yìí ti pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́ nígbà tó ń kó ẹrù ọ̀fẹ́ rẹ̀ wọnú ẹ̀."

"Àti ohùn náà?"

"Gbogbo ẹ̀ pátá."

Bàbá wá ìjókòó. "Ṣùgbọ́n ó ní bó bá ṣú, kí n má fòyà. Ṣé o ò ní pè é ná?"

"Kí n pe ta ni? Ẹni tó bà á jẹ́?"

Òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé ẹnì kan kì í tú iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láì kọ́kọ́ pè é. Nọ́ńbà Mọ́rẹ́nikẹ́ wà lórí fóònù Ọlábọ̀dé. Kò pè é. Ó ki fláàṣì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà, ó ní kó nu gbogbo inú rẹ̀ mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ètò àtijọ́ sí i. Ó wo òdìkejì. Kò sí bàtà kankan níbẹ̀. Ó súfèé.

Ọ̀sán ni Mọ́rẹ́nikẹ́ dé, tí wọ́n sọ fún un pé Bàbá ń wá a. Ó kọjá síbẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí wọn.

"Ẹ kú ọ̀sán, sà. Ọ̀gá, nígbà tí ẹ tan án, ṣé ó dún?"

Bàbá ló ní, "Ó dún."

"Bó bá ti dún, ètò náà ti wọlé tán nìyẹn. Àwòrán nìkan ni kò rí ọ̀nà jáde. Ọ̀rọ̀ kan là ń tẹ̀ sí i kó tó gbéra, ojú rẹ̀ á sì là. Èmi ni mo gbàgbé láti so ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn pátápátá. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó sọnù." Ó yí kọ̀ǹpútà náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ṣófo bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò nínú rẹ̀. "Ọ̀gá, kí lẹ ṣe?"

Ọjọ́ mẹ́rin ni Mọ́rẹ́nikẹ́ fi wá ohun tó sọnù. Oríkì méjì ló rí nínú mọ́kànlá, ọ̀kan sì gé láàárín.

Nígbà tí ẹgbẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, alága ní, "Ọlábọ̀dé, ogún ọdún lo ti ń gbọ́ ohùn kọ̀ǹpútà. Bàbá gbọ́ ọ. Báwo ni ìwọ kò ṣe gbọ́ ọ?"

Ọlábọ̀dé dìde. "Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí kí iṣẹ́ ọmọ yìí bàjẹ́. Owú ni. Owú kò jẹ́ kí etí mi gbọ́ ohun tí ojú mi kò rí."

Bàbá Akínlàdé mú fìlà rẹ̀, ó lọ sílé.

Látìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa òwe yìí fún ẹni tó bá yára ní iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́, nítorí pé ó wù ú kó bàjẹ́. Wọn kì í dúró dìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ tán kí wọ́n tó pa á. Ìgbà tí ohun náà ṣì ń dún ni wọ́n máa ń sọ pé: rọra o, owú kì í jẹ́ kí etí gbọ́ ohun tí ojú kò rí.