Oyin Ìdána Láṣebìkan

Ìtìjú ló gbé Láṣebìkan dé àgbẹ̀dẹ. Àtọ̀gbẹ ń ṣe é: ibi tó bá tọ̀ sí, èèrà á ti bò ó kó tó so okùn ṣòkòtò tán. Ìdána rẹ̀ sì ti dé tán, àwọn àna ò mọ̀ pé ó ní àrùn kankan. Gbogbo ìgbà tó bá lọ sílé wọn ni ìyá Àwẹ̀ró, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ń gbé oyin fún un, á sì lá a mọ́, torí ọkọ ìyàwó tó bá kọ oyin, wọ́n á ní ó kọ ọmọ ni. Bó bá ń tibẹ̀ bọ̀, ojú rẹ̀ á máa ṣú.

Irin-tí-a-fepo-pa-kì-í-dípẹtà, àgbà alágbẹ̀dẹ tí ń wo omi àgbẹ̀dẹ fún ẹni tí ìdààmú bá, òun ló wò ó fún Láṣebìkan àti Ọ̀jẹ́lékè ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí àrùn kan náà ń bá jà. Bàbá ti irin gbígbóná bọ omi, ó wò ó títí.

Ó ní, "Láṣebìkan, àwọn òṣìṣẹ́ kéékèèké kan wà nínú rẹ, lẹ́yìn ikùn. Àwọn ló ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà kó lè wọnú ẹran ara. Ṣúgà tó pọ̀ jù ń jó wọn, wọ́n ń dípẹtà. Wọn ò tíì kú tán."

"Bàbá, kí ni kí n ṣe?"

"Ẹbọ ni. Ewúro tí wọn ò fọ ìkorò rẹ̀ dànù, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, tòmátì: epo tí a fi ń pa irin nìyẹn, kí ìpẹtà má tètè jẹ ẹ́. Má gbé e lọ oríta o, ẹnu rẹ ni kó gbà. Oògùn ọsibítù, o ò gbọdọ̀ dá a dúró. Ó wá ku ẹran ẹbọ."

"Ẹran wo, Bàbá?"

"Ìtìjú rẹ. Lọ́jọ́ ìdána, kọ oyin, kí o sì sọ ìdí rẹ̀ lójú gbogbo wọn."

Láṣebìkan ní òun gbọ́. Ọ̀jẹ́lékè rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀. Ó ní, "Èmi kì í ṣe àdá, Bàbá. Ẹ lọ fepo pa ọkọ́ yín." Ó jáde, ó ra mínírà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mu ún lọ.

Ọjọ́ ìdána pé. Wọ́n gbé oyin síwájú Láṣebìkan, kò nawọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ní, "Ọkọ wa, ṣé kí èèrà jẹ ẹ́ ṣáájú yín ni?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

Láṣebìkan dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá mi, mi ò kọ ọmọ yín. Àtọ̀gbẹ ló ń ṣe mí. Mo fi í pamọ́ fún yín."

Ó ń retí kí wọ́n ní kó máa kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ìyá Àwẹ̀ró bi í pé gbogbo oyin tí òun ti ń fún un ńkọ́. Ó ní òun lá a.

"Ọmọ mi," obìnrin náà ní, "o jẹ́ kí n máa fọwọ́ ara mi pa ọ́."

Ó gbé oyin kúrò, ó gbé obì síbẹ̀, òun ni wọ́n fi ṣàdúrà. Ojú ti Láṣebìkan dé ilé lọ́jọ́ náà, àmọ́ ẹbọ ti dà. Àwẹ̀ró ń se ewúro fún un, ó ń lo oògùn rẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀.

Ọ̀jẹ́lékè ní egbò lẹ́sẹ̀, ó ń fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó káyé má mọ̀, títí ó fi jẹrà, tí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Ẹni tó fi ìtìjú rúbọ ń bá ẹbí jẹun; ẹni tó fi ẹbọ ṣẹ̀sín, àbámọ̀ ló kù ú kù. Nígbà tí Láṣebìkan lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kíá lọkùnrin náà fa aṣọ, ó fi bo ẹsẹ̀ tí kò sí níbẹ̀ mọ́.